Mò-ń-bọ̀ àti Ohùn Ara Fíríìjì

Mò-ń-bọ̀ ni gbogbo wa ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, kò sì tíì pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó nígbà tó sọ ọ́. Bó bá pè é pé kó wá jẹun, á ní, "Mò ń bọ̀." Bí omi bá ń ya kúrò nínú páìpù ilé ìwẹ̀, á ní, "Mò ń bọ̀." Bí àlejò bá ti jókòó títí tó ti wá ń wo ìka ẹsẹ̀ ara ẹ̀, "Mò ń bọ̀" náà lẹ máa gbọ́ láti inú yàrá. Kì í ṣe pé ó ń parọ́ o. Ó ń bọ̀ lóòótọ́, nínú ọkàn ẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni kì í tètè gbọ́ ohun tí ẹnu ẹ̀ ti sọ.

Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, nítorí ó jù mí lọ dáadáa, ó sì fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ló máa jẹ́, ẹ má sì bá mi wí. Inú ti bí mi sí ọkùnrin yìí ju bó ṣe yẹ lọ, àánú ẹ̀ sì ń ṣe mí ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Kò sáyè fún "wọ́n" láàárín méjèèjì.

Èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga, ó sì máa ń tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbọ́ òfófó. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe ló ti ń ṣiṣẹ́. Gbọ̀ngàn ńlá ni ibẹ̀, òróró ti mu ilẹ̀ yó, ariwo irin ò sì ní jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tó ń rò. Yàrá kékeré onígíláàsì kan wà ní igun gbọ̀ngàn náà, ibẹ̀ ni tábìlì ẹ̀ wà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti mọ̀ pé ẹ̀rọ kan ń ṣàìsàn kí ẹ̀rọ náà tó dákẹ́. Wọ́n ní irin kékeré kan tó dà bíi bọ́tìnì kóòtù, tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wà nídìí ẹ̀. Bọ́tìnì náà la ń pè é nínú ilé wọn. Wọ́n á lẹ bọ́tìnì yìí mọ́ ara ẹ̀rọ, á máa gbọ́ bí ara ẹ̀rọ náà ṣe ń gbọ̀n, á sì máa fi ohun tó gbọ́ ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló máa wá sọ ọ́ di ohun tí ojú lè rí tí etí sì lè gbọ́.

Kì í fi lẹ́tà kọ ètò kọ̀ǹpútà bí àwọn yòókù. Ó máa ń yà á ni. Àpótí kékeré kan síbí, àpótí kékeré kan sọ́hùn-ún, á wá fa ìlà láti inú èyí sínú ìyẹn, gbogbo ojú kọ̀ǹpútà á wá dà bí ibi tí aránṣọ ti tú òwú sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ni, pé nígbà tí àwọn bá ń ṣiṣẹ́, àwòrán ló ń yà. Kì í bínú. Ó ní ohun tí òun bá yà, òun á rí ọ̀nà tó ń gbà lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó lè tú ohun tí wọ́n kọ tiwọn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ gbààwẹ̀.

Ó fẹ́ràn kó máa ṣàlàyé. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kan, ó fà mí jókòó níwájú láptọ́ọ̀pù kí n tó bọ́ bàtà tán.

"Àbúrò, wá wò ó. Ohun tí bọ́tìnì yìí ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe ohùn, kì í sì í ṣe nọ́ńbà. Báìtì lásán ni. Ègé kéékèèké. Mẹ́rin mẹ́rin lo máa so pọ̀ kó tó di nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà ní pọ́ìntì nínú, pọ́ìntì ẹ̀ kì í sì í dúró sójú kan, ó ń rìn. Àwọn báìtì tó jẹ́ àgbà nínú mẹ́rin yẹn ló ń sọ ibi tó máa dúró sí. Bó o bá wá lọ gbé ọmọdé sípò àgbà, pọ́ìntì yẹn á sá lọ síbi tí kò yẹ. Ohun tó kéré á di òkè ńlá, ohun tó tóbi á di òfo."

"Báwo lèèyàn ṣe máa wá gbé ọmọdé sípò àgbà?"

"Á, ó rọrùn o. Wo bí àwa fúnra wa ṣe ń kà á. Mẹ́ta lé lógún. Mẹ́ta ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa kí ogún tó dé. Àwọn ẹ̀rọ kan náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kékeré ló ń ṣíwájú. Àwọn míì ń retí pé kí àgbà ṣíwájú. Kò sí èyí tí kò gbọ́n nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ìkan bá ń sọ̀rọ̀ tí èkejì ń gbọ́, tẹ́nì kan ò sì sọ fún wọn tẹ́lẹ̀, èyí tó ń gbọ́ á rò pé wèrè ló ń bá òun sọ̀rọ̀."

"Bọ̀ọ̀dá, ìyàwó yín ti pè yín sídìí oúnjẹ láti ìgbà tí mo ti wọlé."

"Mò ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó wò mí, ó wò ó. "Ó ti rí ọmọ iléèwé," ó wí. "Ẹ jẹ́ ká jẹ tiwa."

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n mi. Yàrá ẹ̀yìn ló ti ń ránṣọ, ṣùgbọ́n kò síbi tí ohùn ẹ̀ kì í dé. Bí èèrà bá gùn ún lẹ́sẹ̀, gbogbo àdúgbò á mọ̀ pé èèrà ti gùn ún. Bó bá ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù, èmi tí mò ń bá a sọ̀rọ̀ á gbé fóònù jìnnà sétí. Àìsàn kan ṣoṣo tó ní ni ikọ́ fée, èyí tó máa ń mú kí èémí ẹ̀ kúrú kó sì máa dún fíì-fíì. Ó ti ní in láti kékeré. Ìnhélà ẹ̀, ike búlúù tó máa ń fọ́n sẹ́nu, kì í jìnnà sí i. Ó máa ń gbé e káàkiri bí àwọn míì ṣe ń gbé fóònù, ó sì máa ń gbàgbé ibi tó gbé e sí bí àwọn míì ṣe ń gbàgbé fóònù.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sí níbẹ̀. Apá kan nínú ohun tí mo mọ̀, ẹnu ọkọ ẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tó kù, mo fi etí ara mi gbọ́ ọ.

Fíríìjì wọn ti gbó. Ó máa ń kùn ṣáá bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó oṣù, ẹ̀gbọ́n mi sì ti ń bẹ ọkọ ẹ̀ pé kó wá nǹkan ṣe sí i. Ọkọ ẹ̀ ti sọ pé òun ń bọ̀ títí. Ó wá di ọjọ́ ìsinmi kan, ó mú bọ́tìnì tuntun kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà tí kò sẹ́ni tó tíì lò ó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ fíríìjì nísàlẹ̀, nítòsí mọ́tò, ó fa wáyà ẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná bọ́ sí pálọ̀, níbi tó gbé láptọ́ọ̀pù sí. Ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe mọ́tò náà, òun á sì fi í dán bọ́tìnì tuntun wò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń wo bọ́tìnì náà. "Kí lèyí lè gbọ́?"

"Gbogbo ohun tó bá kan ara fíríìjì. Bó o bá kàn án, màá gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù mi. Bó o bá gbé ẹnu sún mọ́ ọn, màá gbọ́ ohun tó o bá sọ."

"Òótọ́? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Láti òní lọ, fíríìjì ni màá máa bá sọ̀rọ̀. Mo ti bá ọkọ sọ ọ́ títí."

Ọkọ ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó lọ jókòó ní pálọ̀, ó gbé hẹ́dífóònù kọ́rí. Kò pẹ́, ẹ̀gbọ́n mi kan ara fíríìjì, kọ́-kọ́-kọ́, ó sì pariwo mọ́ ọn, "Mò-ń-bọ̀! Ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́ ọ ketekete!"

Ibi tí gbogbo ẹ̀ wà nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Kò gbọ́ ọ nínú hẹ́dífóònù rárá. Ó gbọ́ ọ láti ara ògiri, bí èmi àti ẹ̀yin náà ì bá ṣe gbọ́ ọ, nítorí ohùn ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe ohùn tí ògiri lè dá dúró. Ohun tó wà nínú hẹ́dífóònù ò ju ṣàà lọ, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Báìtì ń wọlé, àmọ́ wọn ò tíì di nọ́ńbà gidi. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé bí òun bá ti so àpótí kan tàbí méjì sí i, ó máa dáa. Ó rò pé bí òun bá ní òun ò tíì gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi á béèrè ìdí, àlàyé ìdí náà á sì gùn. Irọ́ kékeré ni, irú èyí tí tọkọtaya ń pa fún ara wọn lójoojúmọ́ kí ilé lè tòrò.

Ẹ̀gbọ́n mi gbà á gbọ́. Ó padà sídìí oúnjẹ tó ń sè.

Ọkọ ẹ̀ fi hẹ́dífóònù bo etí méjèèjì, iṣẹ́ sì gbé e lọ. Àpótí tó ń so báìtì mẹ́rin pọ̀ lójú kọ̀ǹpútà ẹ̀ máa ń retí kí àgbà ṣíwájú, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo bọ́tìnì àtijọ́ tó wà níbi iṣẹ́ wọn ṣe máa ń sọ ọ́. Bọ́tìnì tuntun yìí ń fi kékeré ṣíwájú. Ọkùnrin tó fi ẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé nǹkan yìí fún mi bí ẹní ń kọ́ ọmọ ní ABD, kò wá sí i lọ́kàn. Ó wo wáyà. Ó tú ìdí wáyà, ó tún un dì. Ó rò pé bọ́tìnì náà ti bàjẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ìlà tó yẹ kó máa gbọ̀n jẹ́jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà kàn nà gbalaja sílẹ̀, ó dà bíi pé ó ti kú, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á wá fò sókè dé òkè pátápátá, hẹ́dífóònù á sì han mọ́ ọn létí.

Nígbà tó yá, fífò yẹn pọ̀ sí i. Ariwo náà ń dun etí ẹ̀. Ó wá ya àpótí kékeré kan sí i láàárín ìlà, pé ohunkóhun tó bá ti kọjá ìwọ̀n báyìí, kó máa dà á nù. Ó sì dín ohùn kù. Ara wá tù ú, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Tíì ló lọ béèrè nílé ìdáná. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti fíríìjì, orí ẹ̀ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oúnjẹ ti ń jóná. Ìnhélà ẹ̀ wà ní pálọ̀, lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ láptọ́ọ̀pù, níbi tí ìgúnpá ọkọ ẹ̀ ti ń kàn án láti ọ̀sán.

Dókítà sọ fún wa pé ikọ́ náà ló ká a mọ́ lójijì. Ó ní bí èémí bá kúrú tó bẹ́ẹ̀, èèyàn ò ní lè pariwo. Ìyá wa gbọ́ ohun tí dókítà sọ. Ó yíjú sí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

"Ṣé ó pè ọ́?"

"Mi ò gbọ́ ohunkóhun, Mọ́mì."

"Ọmọ tèmi," ni Mọ́mì wí. "Ọmọ tèmi, tí kò pariwo."

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ́mì ò gbà láti padà sílé. Ó wọ yàrá tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ránṣọ, ó ní ibẹ̀ lòun máa máa sùn. Èmi náà kó aṣọ díẹ̀ wá, nítorí Mọ́mì. Kì í ṣe nítorí ọkùnrin yẹn o. Mi ò fẹ́ rí ojú ẹ̀. Bó bá bá mi ní pálọ̀, màá rántí pé mo ní nǹkan í ṣe nílé ìdáná. Bó bá bá mi nílé ìdáná, màá rántí pálọ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò fọwọ́ kàn án mọ́. Kò sì sẹ́ni tó tún pè é ní Mò-ń-bọ̀. Orúkọ náà kàn bọ́ lẹ́nu wa.

Ìbéèrè kan náà ni Mọ́mì ń bi gbogbo èèyàn. Ó bi aládùúgbò òkè. Ó bi obìnrin tó ń gbálẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó bi ẹni tó gbé àga ìsìnkú wá, tí kò mọ ẹ̀gbọ́n mi rí. "Ṣé ẹ gbọ́ kó pe ẹnì kankan?" Mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí ẹ̀gbọ́n mi ò bá pe ẹnì kankan, a jẹ́ pé òun nìkan ló dá kú, bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Mọ́mì ò lè gbé ìyẹn mì. Kì í sùn, kì í jẹ, ó ti ń rù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nídìí búrẹ́dì àti tíì tí kò sẹ́ni tó ń jẹ. Mọ́mì tún bi ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ní ìbéèrè ẹ̀. Ó ń po tíì ẹ̀. Nígbà tí Mọ́mì dìde wọ yàrá lọ, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò wo ojú mi.

"Ohùn ẹ̀ lè wà nínú láptọ́ọ̀pù."

Mo gbé ife mi kalẹ̀. "Kí lẹ wí?"

"Kí ètò mi tó ṣe ohunkóhun sí báìtì, ó máa ń kọ́kọ́ da wọn sínú fáìlì bí wọ́n ṣe wọlé. Gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn wà níbẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe é ni. Kò tíì di nọ́ńbà."

"Ẹ sì ń wo Mọ́mì! Ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn, ẹ ń wo ìyá mi tó ń bi gbálẹ̀gbálẹ̀ léèrè!"

"Ẹ̀rù ń bà mí, àbúrò."

"Ẹ̀rù kí ni?"

"Bí kò bá pè mí, òun nìkan ló kú. Bó bá pè mí…"

Mo lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fúnra mi. Mo gbé láptọ́ọ̀pù náà wá, mo gbé e kalẹ̀ níwájú ẹ̀ gbàmù, mo sì fa àga mi sún mọ́ ọn kó má bàa ráyè dìde.

Ó ṣí fáìlì náà. Báìtì kún ojú kọ̀ǹpútà, ìlà lórí ìlà, kò sí èyí tó jọ ọ̀rọ̀ nínú wọn. Mo rò pé á bẹ̀rẹ̀ sí í ya àpótí bíi tàtẹ̀yìnwá. Kò ya nǹkan kan. Ó kàn gbé ìka sójú kọ̀ǹpútà, ó ń fi í tẹ̀ lé wọn ní mẹ́rin mẹ́rin, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìka ẹ̀ wá dúró.

"Fíríìjì ń kùn bákan náà ṣáá," ó wí. "Ó yẹ kí àgbà inú ẹ̀ má fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wò ó. Èyí tó ṣíwájú ń fò kiri. Èyí tó gbẹ̀yìn ni kò kúrò lójú kan." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. "Ẹ̀yìn ni àgbà wà. Ẹ̀yìn ló wà látọjọ́ yìí."

Ó yọ àpótí tó ń da nǹkan nù kúrò. Ó fi àpótí kékeré kan rọ́pò ẹ̀, èyí tó máa ń yí mẹ́rin náà po kí àgbà lè bọ́ síwájú, ó fa ìlà kan wọ inú ẹ̀, ó fa ìkan jáde. Kò gbà ju ìgbà téèyàn fi ń mu omi lọ. Nǹkan tó jẹ gbogbo ọ̀sán ọjọ́ yẹn, tó jẹ ẹ̀gbọ́n mi, bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ìlà tó nà gbalaja bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jẹ́jẹ́ lójú kọ̀ǹpútà.

Ó yí etí hẹ́dífóònù kan sọ́dọ̀ mi, ó fi ìkejì mọ́ etí tiẹ̀. Orí wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ara wọn. Fíríìjì ló kọ́kọ́ jáde, ó ń kùn. Lẹ́yìn náà la gbọ́ àwo, ọ̀bẹ, omi. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi imú kọ orin kan tí kò mọ̀ tán, bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ́-kọ́-kọ́, "Mò-ń-bọ̀! Ṣé ò ń gbọ́ mi?" Ohùn ẹ̀ mọ́ gaara bíi pé ó wà lẹ́yìn wa. Mo bojú wẹ̀yìn. Láti òkèèrè, láti ẹ̀yìn ògiri, ọkùnrin kan dáhùn pé òun gbọ́ ọ ketekete.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. Mo jẹ́ kó dì í mú.

Ó pẹ́ díẹ̀. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ohun kan wọ́ lára fíríìjì láti òkè sísàlẹ̀, ariwo ẹ̀ gba gbogbo etí mi, mo sì mọ̀ pé ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni. Èémí ẹ̀ wá sún mọ́ bọ́tìnì, ó ń dún fíì, fíì. Ó kan fíríìjì.

"Mò-ń-bọ̀."

Kò pariwo. Kò lè pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ẹnu sétí ọkọ ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó tún kàn án.

"Ìnhélà mi… lórí tábìlì… lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ."

Láti ẹ̀yìn ògiri, ọkùnrin náà tún sọ̀rọ̀, inú ń bí i. Ó ní, "Ariwo rádaràda wo tún nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gbọ́ ọ, nítorí èémí ẹ̀ dúró díẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá ń tẹ́tí. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bíi pé ohun tó fẹ́ gbọ́ náà ló gbọ́.

"Mo mọ̀ pé ò ń gbọ́ mi. Máa bọ̀."

Ó tún kàn án, ó tún kàn án, kò le bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, fíríìjì nìkan ló kù. A ń gbọ́ ọ títí, nítorí kò sẹ́ni tó lè gbé ọwọ́ pa á nínú àwa méjèèjì.

Ọkàn mi bàjẹ́. Mi ò mọ bí màá ṣe sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ dì mọ́ ọn, mi ò wá ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n mi pè é, ó sì wà létí ẹ̀. Látìgbà tó ti kọ́kọ́ pè é ló ti wà létí ẹ̀, ó wà nínú ṣàà yẹn, ó wà nínú fífò yẹn. Ó gbọ́ ìyàwó ẹ̀, ariwo ẹ̀ dùn ún létí, ó sì ya àpótí kan pé kó máa dà á nù.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Mọ́mì ti dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di férémù mú.

"Ṣé ó pè?"

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yọ hẹ́dífóònù. Ó kúrò lórí àga, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Mọ́mì.

"Ó pè mí, Mọ́mì. Ó pè mí títí."

"O sì gbọ́?"

"Etí mi gbọ́. Mi ò mọ̀ pé òun ni. Ariwo ni mo pè é, mo sì dín in kù."

Mo rò pé á gbé e ṣépè. Ní tòótọ́, mo fẹ́ kó gbé e ṣépè, kí ẹnì kan nínú ilé yẹn ṣáà ṣe nǹkan kan.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà á?" ni Mọ́mì béèrè.

"Kò bà á, Mọ́mì. Ó rò pé mò ń bọ̀ ni."

Mọ́mì bú sẹ́kún. Kò tíì sunkún látọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹ̀gbọ́n mi, ó wá sun gbogbo ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó gbé ọwọ́ lé ọkùnrin náà lórí, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà. Nígbà tó yá, ó ní ká jẹ́ kí òun gbọ́ díẹ̀, kì í ṣe ìgbẹ̀yìn ẹ̀ o, ibi tó ti ń fi imú kọrin ni. A fi hẹ́dífóònù náà sí i létí. Ó gbọ́ ọ, ó mi orí. "Kò mọ orin náà tán," ó wí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó sùn, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, ó ní ká wá ọkọ̀ tó máa gbé òun lọ sílé.

Èmi náà kó ẹrù mi. Mo ṣèlérí fún ara mi pé mi ò ní tẹ ilé yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n Mọ́mì á pè mí, á ní, "Ṣé o ti lọ wo ọkùnrin yẹn? Ṣé ó ń jẹun?" Bí mo ṣe di ẹni tó ń lọ dáná fún un nìyẹn, lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ tiẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní kò sí nǹkan tó yí padà lára ẹ̀, àfi pé bí wọ́n bá pè é, kò ní dáhùn, á kàn dìde ni. Bó jẹ́ pé ẹlòmíì ni wọ́n pè, òun náà á dìde.

Bó bá délé, ó máa ń jókòó ní pálọ̀ pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Mi ò bi í.

Lọ́sàn-án kan, mò ń gbọn omi kúrò lára àwo nílé ìdáná, mo yí padà, ìgúnpá mi sì gbá fíríìjì, gbì. Mo bẹ̀rẹ̀ láti wò ó bóyá mo ti ṣe é léṣe, ìgbà yẹn ni mo rí bọ́tìnì náà nísàlẹ̀, nítòsí mọ́tò, pẹ̀lú wáyà ẹ̀ tó gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ. Mi ò tíì nàró tán tó fi dé. Kò wọ bàtà. Hẹ́dífóònù ti yọ̀ sọ́rùn ẹ̀, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ bíi pé ibi tó jìnnà ló ti sáré wá, ìnhélà ẹ̀gbọ́n mi sì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mo dé," ó wí. "Mo dé. Mo dé."

Mo nu ọwọ́ mi. Mo gba ìnhélà náà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀ọ̀dá," ni mo wí. "Ẹ tètè dé."